Òfin Má-Sọ̀rọ̀-Kẹ́lẹ́ Tí Wọ́n Ké Ní Ìdó-Agbọ́n

Gó-gó! Gó-gó! Gó-gó!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdó-Agbọ́n, ẹ dẹ etí méjèèjì sílẹ̀! Ẹni tó ń jẹun, kó dá òkèlè dúró lọ́nà ọ̀fun! Ẹ̀yin tí ẹ ń jà, ẹ kọ́kọ́ fi ọrùn ara yín sílẹ̀! Kábíyèsí Onídòó kí yín. Wọ́n ní ṣé ẹ jí dáadáa. Wọ́n ní kí ẹ má ṣe jí bẹ́ẹ̀ mọ́ láìgba àṣẹ!

Ìgbìmọ̀ Ojú-Lalákàn-Fi-Ń-Ṣọ́rí ti jókòó. Wọ́n jókòó títí, àga bẹ̀ wọ́n. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí rèé!

Èkíní! Kí gbogbo ilé ká aṣọ fèrèsé wọn kúrò. Ẹ ká a! Mo ní ẹ ká a! Ẹni tí a bá bá aṣọ lójú fèrèsé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni a ó gbé kọ́ sójú fèrèsé ààfin fún ọjọ́ mẹ́ta!

Èkejì! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ẹ pariwo rẹ̀! Ọ̀rọ̀ inú rírun, ẹ pariwo rẹ̀! Ẹni tí a kò bá gbọ́ ohun tó sọ, a ó mú un nítorí ohun tí a kò gbọ́!

Ẹ̀kẹta! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dé ìkòkò ọbẹ̀ kí ẹ̀ṣọ́ tó yẹ inú rẹ̀ wò. Bọ́ǹbù lè wà nínú ilá! Ọbẹ̀ tó bá mú ìfura dání, ààfin ni yóò sùn!

Ẹ̀kẹrin! Ènìyàn méjì kò gbọdọ̀ dúró pọ̀ nínú igbó. Ẹnì kan ṣoṣo pàápàá, kó má dúró pẹ́!

Ẹ̀karùn-ún! Kí gbogbo ará ìlú gbé fóònù wọn wá, kí Olóyè Agbáàkin lè gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ nínú fóònù, irun orí rẹ̀ ni a ó pa rẹ́!

Ẹ̀kẹfà! Ẹni tó bá rí àjèjì nínú igbó, kó wá sọ. Ẹni tó bá wá sọ, a ó tì í mọ́lé fún ọjọ́ méje, ká lè mọ bó ṣe mọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ tí kò sọ, ọjọ́ mẹ́rìnlá!

Ẹni tí kò bá ní ohun tó ń fi pamọ́, kò ní ohun tó ń bà á lẹ́rù! Bẹ́ẹ̀ ni Olóyè Agbáàkin wí!

Agogo ló dún, ẹnu ló sọ, ààfin ló rán an. Ẹni tó gbọ́, kó jí ẹni tó sùn. Ẹni tó ń díbọ́n pé òun sùn, a ti rí ọ!

Ọ̀jẹ́wùmí akéde ló ké bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ohùn rẹ̀ ń ròkè láti Ìta Ọdán títí dé ẹ̀yìn ilé-ìwé. Bó ti parí, ó ká ìwé tó nà síwájú, ó ti agogo sí abíyá, ó sì ń rìn lọ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Irọ́ ni. Nínú gbogbo ará ìlú, bóyá ni òfin náà ba ẹnikẹ́ni bó ṣe ba ẹni tó ké e.

Ṣé ẹ rí i, Ọ̀jẹ́wùmí kò mọ ìwé kà. Kò mọ̀ ọ́n kà rárá ni. Bí ẹ bá fi lẹ́tà A hàn án, yóò sọ fún yín pé àkàbà ni, yóò sì bi yín pé ta ló fẹ́ gùn ún. Ọdún mọ́kànlélógún gbáko ló ti ń kéde fún ìlú, ìwé lọ́wọ́, ojú lórí ìwé. Ojú náà a tilẹ̀ máa rìn láti ọ̀tún bọ̀ sí òsì, àmọ́ kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Bí ìwé bá ti dé láti ààfin, tọkọtaya á wọ yàrá, wọ́n á fa aṣọ fèrèsé, Ìbídùn á sì kà á sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ọ̀jẹ́wùmí á ti gbé e mì, títí kan ibi tí akọ̀wé ti ṣàṣìṣe.

Wàyí o, kò sí aṣọ fèrèsé mọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá ní kí àwọn sá lọ sínú igbó, òfin kẹrin ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Ọ̀jẹ́wùmí ti fi ẹnu ara rẹ̀ ti ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa.

“Ìbídùn,” ó rọra ní, nígbà tó délé, “ìwé tó ń bọ̀ ńkọ́?”

Ìbídùn wo ojú fèrèsé. Ẹ̀ṣọ́ kan ti fi ìgbọ̀nwọ́ lé e, ó ń jẹ ẹ̀pà.

“Ẹ gbóhùn sókè, Bàbá Àríyọ̀,” ó dáhùn. “Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.”

“MO NÍ KÒ SÍ NǸKAN KAN!” Ọ̀jẹ́wùmí pariwo.

Ẹ̀ṣọ́ fa kálámù yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan kan.

Ẹ má rò pé ìlú bínú sí òfin yìí o. Inú wọn dùn! Ọ̀ràn náà kì í kúkú ṣe eré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni àwọn agbébọn jí àgbẹ̀ méjì gbé ní abà tó wà lẹ́yìn odò. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n tú àgbẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kò tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nítorí náà, ní ṣọ́ọ̀bù Ládépò onígbàjámọ̀, níbi tí àwọn ọkùnrin máa ń pé sí, òfin ni gbogbo wọn ń yìn.

“Ó ti pẹ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe é,” ni ọ̀kan wí. “Kí wọ́n sì yẹ ilé aládùúgbò mi wò dáadáa. Àlùbọ́sà tí ọkùnrin yẹn ń rà ti pọ̀ jù.”

“Tèmi ńkọ́? Ayálégbé mi kì í kí ènìyàn láàárọ̀.”

“Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òpópónà yín.”

“Kí ló dé tí kò ní jẹ́ òpópónà tiyín?”

“Àwa? Kí làwa ní?”

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ládépò fẹ́rẹ̀ẹ́ gé etí oníbàárà.

Ọ̀jẹ́wùmí jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń gbọ́. Ó fẹ́ sọ pé ènìyàn lè ní nǹkan pamọ́ kó má sì jẹ́ olè. Ṣùgbọ́n bó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn yóò ní kí ni tìrẹ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sanwó irun tí kò gẹ̀, ó jáde.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun títí di Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ fi túlé. Wọ́n bá aró dúdú nínú àpótí díákónì tó ń fi irun rẹ̀ tí kò funfun jẹ́rìí oore Ọlọ́run. Wọ́n bá orí ẹja lábẹ́ gààrí ìyàwó kan tó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ológbò gbé e. Wọ́n bá aṣọ oníbàárà mọ́kànlá lábẹ́ ibùsùn télọ̀, aṣọ tó ti fi Ọlọ́run búra pé iná jó. Wọ́n bá bàbá ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin níwájú dígí, níbi tó ti ń kọ́ ijó. Gbogbo rẹ̀ ni akọ̀wé kọ sínú ìwé ńlá kan, èyí tí wọ́n pè ní Ìwé Àṣírí Ìlú. Olóyè Lágbayì, ìyẹn Agbáàkin, tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀, ń fọwọ́ pa ikùn.

“Àṣírí mẹ́rìndínlọ́gọ́rin la ti rí,” ó ní. “Agbébọn nìkan ló kù tí a kò tíì rí.”

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìwé kejì dé ilé Ọ̀jẹ́wùmí. Wọ́n ní kó ké e kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ohun tó wà nínú ìwé náà kò le. Kí gbogbo onílé mú àlejò tó bá wọ̀ sílé wọn wá sí ààfin lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kí àlejò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìlú tó ti wá. Kó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀wé. Ó parí. Ìbídùn kà á tán ní ìṣẹ́jú kan, ó gbójú sókè, ó rí ẹ̀ṣọ́ lójú fèrèsé, ẹ̀pà lẹ́nu, kálámù lọ́wọ́.

Bó bá kà á sókè, ìlú á mọ̀. Bó bá kà á kẹ́lẹ́, ẹ̀wọ̀n. Ìbídùn gbé ìgbálẹ̀, ó ń díbọ́n pé òun ń gbálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara sọ̀rọ̀.

Ó fọwọ́ fa àgbọ̀n rẹ̀ gùn, bí ọkùnrin onírùngbọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí. Ó rìn wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Ó jókòó, ó ń jẹ oúnjẹ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sí ọ̀nà ààfin, ó tọ́ka sí ẹnu, ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ògiri.

Ọ̀jẹ́wùmí ń wò ó, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ta ló ní irùngbọ̀n? Ta ló ń wọlé onílé láìkágò? Ta ló ń jẹ oúnjẹ olóúnjẹ? Lójijì ni ojú rẹ̀ là. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí sí ìyàwó rẹ̀ pé òun ti gbọ́ ọ ní àgbọ́yé. Ìbídùn mí kanlẹ̀. Ọ̀jẹ́wùmí gbé agogo, ó jáde.

Gó-gó! Gó-gó!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ọ̀rọ̀ tún ti wú o!

Èkíní! Gbogbo onílé tó bá ní òbúkọ, kó mú un wá sí ààfin lọ́la láàárọ̀! Òbúkọ onírùngbọ̀n! Mo ní onírùngbọ̀n!

Èkejì! Kí òbúkọ kọ̀ọ̀kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìlú tó ti wá! Ẹni tó bá bá òbúkọ rẹ̀ dáhùn, ẹ̀wọ̀n!

Ẹ̀kẹta! Kí òbúkọ tẹ̀ka! Bí kò bá ní ìka, kó fi pátákò tẹ̀ ẹ́!

Òbúkọ tó bá kọ̀ tí kò fọhùn, a ó mú un pé ó mọ nǹkan!

Ìbídùn gbọ́ ọ láti ilé. Omi tó ń mu gba imú rẹ̀ jáde.

Bó bá jẹ́ oṣù tó kọjá ni, ìlú ìbá ti rẹ́rìn-ín ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti wá bọ́ǹbù nínú ọbẹ̀ ilá rẹ̀, kí ló tún kù tí yóò yà á lẹ́nu? Kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí. Àwọn kan tilẹ̀ ní àwọn ti ń fura sí òbúkọ tipẹ́tipẹ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, òbúkọ mẹ́tàlélógóje kún àgbàlá ààfin. Òórùn wọn ti dé ẹnubodè kí àwọn fúnra wọn tó dé. Akọ̀wé jókòó, kò mọ ohun tí ì bá ṣe, ló bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

“Níbo lo ti wá?”

“Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!”

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. “Ẹlòmíràn!”

Nígbà tí wọ́n ń fi tàdáwà sí pátákò òbúkọ kẹsàn-án, òbúkọ Ládépò onígbàjámọ̀ yọrí gba abẹ́ tábìlì, ó fa Ìwé Àṣírí Ìlú yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ó jẹ aró dúdú. Ó jẹ orí ẹja. Ó jẹ aṣọ mọ́kànlá. Kí ẹ̀ṣọ́ tó dé ibẹ̀, ẹ̀yìn ìwé ló kù. Díákónì gbé ọwọ́ lé òbúkọ náà lórí, ó ń súre fún un.

Kábíyèsí gbọ́ ariwo, wọ́n jáde. Ènìyàn pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Onídòó, ohùn wọn kì í ròkè. Wọ́n wo àgbàlá wọn títí.

“Ta ló ní kí ẹ kó òbúkọ wá bá mi?”

Olóyè Lágbayì ti fò síwájú. “Kábíyèsí, ọ̀tẹ̀ ni! Àlejò la kọ sínú ìwé, akéde pè é ní òbúkọ! Àmì ló fi ń ránṣẹ́ sí àwọn agbébọn. Ẹ jẹ́ ká lé e kúrò nílùú lónìí olónìí!”

Kíkùn ni ìlú ń kùn. Ọ̀jẹ́wùmí dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn òbúkọ. Níbo ni òun yóò lọ ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta? Ìbídùn ti fi èjìká la èrò kọjá.

“Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ṣe é,” ó ní, ó sì kúnlẹ̀. “Èmi ni mo—”

“Dákẹ́, Ìyá Àríyọ̀.” Ọ̀jẹ́wùmí gbé orí sókè. “Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Mi ò mọ ìwé kà.”

Òbúkọ kan fẹ́ ké, wọ́n di ẹnu rẹ̀ mú.

“O ò mọ ìwé kà? Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, Kábíyèsí. Ìyàwó mi ló máa ń kà á sí mi létí. Ẹ ká aṣọ fèrèsé, ẹ ní ká má sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́. Ó ń fi ọwọ́ júwe àlejò, èmi rí òbúkọ.” Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ṣùgbọ́n Ọ̀jẹ́wùmí kò dúró. “Olóyè ní ẹni tí kò bá ní ohun tó ń fi pamọ́, kò ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Èmi ní, Kábíyèsí. Kì í ṣe ìbọn ni mo fi pamọ́. Ìtìjú ni.”

Ẹ̀rín tó wà lẹ́yìn dá. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń wolẹ̀, télọ̀ ló kọ́kọ́ wolẹ̀. Nígbà náà ni Ọ̀kánlàwọ́n ẹlẹ́mu, ọkùnrin tí kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ lóòjọ́, bọ́ síwájú, ó ṣí fìlà.

“Kábíyèsí, bó bá jẹ́ pé ọjọ́ òtítọ́ lòní, èmi náà ní ọ̀kan. Ọkùnrin mẹ́rin ló wà nínú ilé kòkó tí wọ́n pa tì lẹ́bàá odò. Mo rí wọn látorí ọ̀pẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìbọn wà lọ́wọ́ wọn.”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun!” Kábíyèsí fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. “Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Òfin kẹfà ni, Kábíyèsí. Bí mo bá sọ, ọjọ́ méje nílé ẹ̀ṣọ́. Ta ni yóò gun ọ̀pẹ mi? Mo ní kí n sọ fún ìyàwó mi kẹ́lẹ́, òfin kejì. Mo fẹ́ sọ fún ọdẹ kan nínú igbó, òfin kẹrin.”

Kábíyèsí gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, wọ́n pe ọlọ́pàá, wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọdẹ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti yí ilé kòkó ká. Wọ́n mú mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin sá lọ, ẹni tó rí i ní bóyá ó ṣì ń sáré títí dòní. Wọ́n bá ìwé kan lápò ọ̀gá wọn, ọ̀nà oko Olóyè Lágbayì ni wọ́n yà sínú rẹ̀, àti àkókò tí olóyè máa ń débẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi hàn án, olóyè jókòó lé orí ilẹ̀, ó bèèrè omi. Lẹ́yìn náà ló wá ilé Ọ̀kánlàwọ́n lọ, òun nìkan, lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Kábíyèsí pe gbogbo ìlú jọ láti gbọ́ tẹnu wọn.

“Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ máa túlé aládùúgbò yín, ẹ nawọ́.”

Ọwọ́ kún òkè bí igbó.

“Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa tú ilé tiyín.”

Ọwọ́ wálẹ̀ wìì. Àwọn tí ọwọ́ wọn kò tètè wálẹ̀ fi họ orí. Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Arẹ̀mú dìde, ìyá ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n jí gbé.

“Ẹ rẹ́rìn-ín, ó dáa,” ó ní. “Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò fi sùn. Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, bí wọ́n bá ní kí n ká òrùlé ilé mi kí ọmọ mi lè dé, mà á ká a. Ẹ má sọ fún mi pé ká máa wojú ara wa lásán. Ẹ fi ẹ̀ṣọ́ sí ojú ọ̀nà! Àmọ́ ìkòkò mi kọ́ ló jí Arẹ̀mú gbé.”

Wọ́n jiyàn títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Àwọn kan ní kí wọ́n fi òfin fóònù sílẹ̀ bó ṣe wà, àwọn kan ní kí olóyè kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ wá. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí níkẹyìn, Ìbídùn kà á sókè níwájú gbogbo ayé, Ọ̀jẹ́wùmí sì ń gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi agogo tẹ̀ lé e.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí inú ń bí, kó fi gbọ́. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn, kó má jó kọjá àyè rẹ̀!

Èkíní! Ẹ̀ṣọ́ ń bẹ lójú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí wọ́n yẹ ọkọ̀ wò, kí wọ́n má yẹ ọbẹ̀ wò!

Èkejì! Ẹni tó bá fẹ́ túlé onílé, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó ń wá níwájú àgbà márùn-ún! Bó bá ní òun ò tíì mọ̀, kó padà sílé lọ mọ̀ ọ́n!

Ẹ̀kẹta! Ẹni tó bá rí àjèjì, kó wá sọ. A ó fún un ní àga àti omi tútù!

Ẹ̀kẹrin! Ọ̀rọ̀ fóònù kò tíì tán. A ó tún jà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀!

Ẹ̀karùn-ún! Òbúkọ tó jẹ̀wé, a dárí jì í!

Ìlú ló sọ ọ́, ìyàwó ló kà á, ọkọ ló ké e. Ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn, ẹnu ọ̀nà ààfin kò ní ìlẹ̀kùn lọ́sàn-án!

Bí èrò ti ń tú, Kábíyèsí fọwọ́ pe Ọ̀jẹ́wùmí. Wọ́n fà á sẹ́yìn òpó, wọ́n tẹ orí bá a, wọ́n sọ nǹkan kan sí i létí. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Ọ̀jẹ́wùmí fẹjú, ó fọwọ́ bo ẹnu, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí Kábíyèsí fi di òpó mú.

Ìbídùn kò jẹ́ kí wọ́n rìn dé ilé kejì.

“Kí ni Kábíyèsí sọ?”

“Ọ̀rọ̀ èmi àti Kábíyèsí ni.”

“Èmi! Èmi tí mo ti ń kàwé sí yín létí láti ọdún mọ́kànlélógún!”

Ọ̀jẹ́wùmí la ẹnu. Ó tún pa á dé. Ìbídùn ń pòṣé títí wọ́n fi kọjá ilé mẹ́ta, ó ń bú ọkọ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà tó kù, ó sì wá bú sẹ́rìn-ín nígbà tó rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń tàn.

Ẹ̀yin náà, ẹ má bi èmi tí mò ń sọ ọ́ fún yín. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Mi ò gbọ́ ọ.